Láti Orí Ìwé Dé Etí: Bí A Ṣe Ń So Ẹ̀rọ Asọ̀rọ̀ Mọ́ Ilé Orin Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Láìkọ Kóòdù

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, akọ̀wé tàbí ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ni í kọ ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tí ojú wọn ríran, tí wọ́n sì mọ ìwé kà, a kà á, wọn a sì ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ìjọ kọ́ ni ó lè kà á. Àwọn àgbà wà tí ojú wọn ti di bàìbàì. Àwọn mìíràn kò ní àǹfààní ilé ìwé rí. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí London tàbí Houston sì ń gbọ́ èdè àwọn òbí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá gbé ojú ìwé Yorùbá síwájú wọn, wọn kò ní lè ka ìlà méjì já. Etí ni gbogbo àwọn wọ̀nyí fi ń gba ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan wà lónìí tí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ fi lè di ohùn, kí ohùn náà sì bọ́ sórí Spotify tàbí Apple Podcasts, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ìjọ mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Síso àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀ kò le púpọ̀. Ohun tí ó le ni láti mọ ibi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró sí lójú ọ̀nà náà, kí ó sì fetí sí ohun tí ń kọjá, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá ohun tí òun ń gbé lọ tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà.

Àwọn Irinṣẹ́ Tí A Ń Lò

Ohun mẹ́ta ni ó wọnú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ẹ̀rọ asọ̀rọ̀, èyí tí a ń fi ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ fún tí ó sì ń kà á jáde. Èkejì ni ilé orin orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi Spotify, tí ó dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2021, àti YouTube Music àti Boomplay, níbi tí a ti ń gbọ́ orin láìkọ́kọ́ gbé fáìlì rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù. Ẹ̀kẹta ni ilé iṣẹ́ asomọ́, tí ó dà bí ìránṣẹ́ tí ó dúró ní àárín àwọn méjì àkọ́kọ́.

IFTTT, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn asomọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an sì jẹ́ ìkékúrú gbólóhùn kan tí ó túmọ̀ sí pé bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ìyẹn tẹ̀lé e. Zapier tẹ̀lé e ní ọdún 2011. Make bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Prague pẹ̀lú orúkọ Integromat, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2022. n8n, tí ó ti ìlú Berlin wá ní ọdún 2019, ni ìjọ lè gbé sórí kọ̀ǹpútà ti ara rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: ẹ ó yan ohun tí yóò ta iṣẹ́ náà jí, fún àpẹẹrẹ ìlà tuntun nínú Google Sheets, lẹ́yìn náà ẹ ó yan ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e. Títẹ bọ́tìnì àti kíkọ ọ̀rọ̀ sínú àyè tí ó ṣófo ni gbogbo rẹ̀. Kí ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni yóò jẹ́ títí láé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni IFTTT fi òdiwọ̀n sí iye ìsomọ́ tí ẹni tí kò sanwó lè ní, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá iṣẹ́ wọn ní dídúró.

Ẹ̀rọ Tí Ó Fi Ìwé Mímọ́ Kọ́ Yorùbá

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1939, ilé iṣẹ́ Bell Labs gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Voder lọ síbi àfihàn àgbáyé ní New York. Àwọn obìnrin tí a ti kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ dùùrù, ó sì ń fọhùn. Ní Bell Labs kan náà ní ọdún 1961, kọ̀ǹpútà IBM 704 kọ orin tí a ń pè ní Daisy Bell, kí ẹ lè mọ̀ pé ìbátan ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ àti orin kì í ṣe ti àná. Ray Kurzweil gbé ẹ̀rọ tí ń ka ìwé fún àwọn afọ́jú jáde ní ọdún 1976, Stevie Wonder sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á. Ohùn àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kò dùn létí. Láti ọdún 2016, nígbà tí DeepMind fi WaveNet hàn, ni ohùn ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí jọ ti ènìyàn gidigidi.

Yorùbá kò tètè rí ààyè níbẹ̀. Nígbà tí Amazon ṣí Polly ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, èdè 24 ni ó lè sọ, Yorùbá kò sì sí nínú wọn. Ohun tí kò jẹ́ kí ó yá ni pé ẹ̀rọ kò lè kọ́ èdè kan láìjẹ́ pé a fún un ní ọ̀pọ̀ wákàtí ohùn tí a gbà sílẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí a sọ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn òṣìṣẹ́ Google gbé àkójọ ohùn Yorùbá kan jáde tí ó lé ní wákàtí 4, tí àwọn olùyọ̀ǹda 36 kà. Wákàtí 4 kéré.

Ẹ wo ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ní ọdún 2022, a gbé àkójọ kan tí a ń pè ní BibleTTS jáde fún èdè Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá sì wà lára wọn. Kíka Bíbélì ni wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Meta, ilé iṣẹ́ tí ó ni Facebook, gbé MMS jáde, ẹ̀rọ tí ó lè sọ èdè tí ó lé ní 1,100. Májẹ̀mú Tuntun tí a kà sórí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ní àwọn èdè wọ̀nyẹn ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìwọ̀n wákàtí 32 fún èdè kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in dọ́gba. Àwọn tí ó jókòó nínú yàrá agbohùnsílẹ̀ tí wọ́n ń ka Ìhìn Rere nítorí àwọn tí kò mọ̀wé, àwọn ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ní èdè wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rò nìyẹn.

Èyí ní ìyọrísí tí ó yẹ kí akọ̀wé ìjọ mọ̀. Ẹ̀rọ tí ó fi Ìwé Mímọ́ kọ́ èdè mọ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù ju bí ó ti mọ ìkéde nípa dísù jẹnẹrétọ̀ lọ. Ó lè ka ẹsẹ Bíbélì dáadáa, kí ó sì kọsẹ̀ lórí orúkọ àdúgbò. Ohùn kan ṣoṣo ni ó ní fún Yorùbá. Ẹ kò lè yàn bóyá ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin. Meta sì fi í léde lábẹ́ ìwé àṣẹ tí kò gba òwò láàyè, nítorí náà ìjọ tí ó bá fẹ́ máa gba owó ìpolówó lórí ètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ẹ̀rọ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ Àmì Ohùn

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti máa ń bàjẹ́. Púpọ̀ nínú wa ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i, ẹni tí ó kà á a sì mọ ohun tí a ń wí. Ẹ̀rọ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ lẹ́tà mẹ́ta yìí, o, k àti o, láìsí àmì lórí tàbí lábẹ́, ọkọ obìnrin lè jẹ́ ohun tí a ń wí, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí Olúwa wọ̀ lórí òkun Gálílì, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọmọ ogun fi gún un ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ rò ó wò, kí ẹ̀rọ ka ìtàn ìjì lórí òkun kí ó sì sọ pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ inú ọkọ. Ọ̀dọ́ yóò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn àìsàn, tí kò rí ìwé tí yóò fi wé e, lè má mọ ohun tí a kà fún òun.

Ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí ìjọ. Láti ìgbà tí a ti túmọ̀ àwọn orin ìyìn Gẹ̀ẹ́sì tí a sì ń kọ wọ́n sí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn orin ti ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ sókè níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó fún nǹkan bí ọdún 48, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1953, ó sì ṣe orin tí ó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ohun tí ó bá orin jà ní ìgbà náà ni ó bá ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ jà ní ìgbà tiwa.

Ohun mìíràn tún wà tí ojú lásán kò lè rí. Oríṣi ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà tẹ ẹ, ọ àti ṣ: àwọn kan ń fi ẹyọ kíkán sí abẹ́ lẹ́tà, àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré tí ó nàró sí i. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Fún kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó dúró fún wọn, ẹ̀rọ tí a sì fi ọ̀kan kọ́ lè fo èkejì dá. Kí ìjọ yan ọ̀nà kan, kí gbogbo ẹni tí ń kọ̀wé fún ètò náà sì lo pátákó ìtẹ̀wé kan náà. Àwọn tí ó pé jọ ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá ṣe iṣẹ́ tí ó tóbi ju èyí lọ.

Àmì tún ń gba àyè. Lẹ́tà e lásán gba baiti kan nínú kọ̀ǹpútà; ẹ́ lè gba baiti márùn-ún. Ẹ̀rọ Google Cloud ń fi baiti 5,000 dá òdiwọ̀n fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fún un ní ọ̀rọ̀ kà, ti Polly sì jẹ́ lẹ́tà 3,000. Ẹ̀kọ́ Yorùbá tí ó kún ojú ìwé méjì lè kọjá òdiwọ̀n náà, kí iṣẹ́ náà sì já ní àárín. Nítorí náà, ẹ pín ẹ̀kọ́ sí ìpínrọ̀ ìpínrọ̀, kí asomọ́ fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ nọ́ńbà ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá kọ Jòhánù 3:16, ẹ̀rọ kan yóò kà á bí ẹni ń ka aago, òmíràn yóò fò ó dá pátápátá. Orí kẹta ẹsẹ kẹrìndínlógún ni kí ẹ kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkékúrú orúkọ oyè: ẹ kọ Ẹni Ọ̀wọ̀ ní kíkún.

Bí A Ṣe Ń Tò Ó

Kí a sọ pé ìjọ kan ń lo Google Sheets. Òpó kìíní jẹ́ ọjọ́, èkejì jẹ́ àkòrí, ẹ̀kẹta jẹ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé, ẹ̀kẹrin sì ṣófo. Nígbà tí ẹni tí a yàn láti yẹ àmì wò bá ti kà á tán, yóò kọ Ó DÁRA sí òpó kẹrin. Ọ̀rọ̀ yìí ni yóò ta asomọ́ jí: yóò gbé ẹ̀kọ́ lọ fún ẹ̀rọ asọ̀rọ̀, yóò gba fáìlì MP3 padà, yóò sì gbé e sínú àpò kan lórí Google Drive.

Kí ó dúró síbẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí sábà máa ń so ó tààrà láti orí ìwé títí dé orí Spotify, wọ́n sì ń fi í yangàn pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án. Fún ètò tí ń sọ iye owó dọ́là, kò burú. Fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, èmi kò ní gba ìjọ kankan nímọ̀ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsomọ́ méjì ni kí a ṣe. Èkíní parí sínú àpò àyẹ̀wò. Ẹnìkan tí etí rẹ̀ mọ Yorùbá, ì báà ṣe Ìyá Ìjọ tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá, yóò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá dára, ọ̀dọ́ kan yóò gbé fáìlì náà sínú àpò kejì, èyí sì ni yóò ta ìsomọ́ kejì jí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò gbà.

Bí Ohùn Ṣe Ń Dé Orí Spotify

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé asomọ́ lè ju fáìlì sínú Spotify bí a ti ń ju lẹ́tà sínú àpótí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tí Spotify ṣí fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn gbà wọ́n láàyè láti wá orin àti láti tò ó, kò gbà wọ́n láàyè láti gbé orin tuntun wọlé. Orin ń gba ọwọ́ àwọn alágbàpín kọjá. Ọ̀rọ̀ sísọ ń gba ọ̀nà podcast, ìpìlẹ̀ podcast sì ni RSS.

RSS jẹ́ ìwé ìkéde kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kà. Orúkọ ètò, àpèjúwe rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlà fún apá kọ̀ọ̀kan: àkòrí, ọjọ́, àdírẹ́sì ibi tí fáìlì ohùn wà àti bí ó ti tóbi tó. Ní oṣù kejìlá ọdún 2000 ni Dave Winer fi àyè fún fáìlì ohùn sínú RSS. Nígbà tí Apple gba podcast sínú iTunes ní oṣù kẹfà ọdún 2005, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Àwọn ilé ìgbàlejò bíi Buzzsprout, Transistor àti Podbean ń kọ ìwé RSS náà fún yín, wọ́n sì ní ilẹ̀kùn tí asomọ́ lè gbà wọlé. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó fi àdírẹ́sì RSS yín han Spotify àti Apple. Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ni yóò máa wá wo ohun tuntun.

Ohun méjì ni ó ń dá àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dúró. Apple ń béèrè àwòrán onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà láàárín píkísẹ́lì 1,400 àti 3,000, fọ́tò tí a yà ní ìsìn Àìkú kì í sì í bá a mu. Èkejì ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí apá kọ̀ọ̀kan ní. Bí ẹ bá tún fáìlì kan ṣe tí nọ́ńbà náà sì yí padà, àwọn olùgbọ́ yóò gba ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀méjì.

Orin Ńkọ́?

Gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ní gbẹrẹfu a máa sọ pé kí a fi orin ìyìn sí abẹ́ rẹ̀. Spotify kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà tí ó fún àwọn tí ń lo ilẹ̀kùn rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da orin tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ mọ́ ohùn mìíràn, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀kan gun orí èkejì. Ṣùgbọ́n a lè tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni Spotify ti gba apá podcast sínú àtòjọ orin, nítorí náà asomọ́ lè fi ẹ̀kọ́ òní sínú àtòjọ kan, kí ó wá orin tí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ sínú tábìlì, kí ó sì fi í tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ akọrin náà lè lo irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ láti fi kọ́ orin nílé kí ọjọ́ ìdánrawò tó dé.

Ẹ ṣọ́ra, ilé orin wọ̀nyí wà fún ìgbádùn ẹnìkọ̀ọ̀kan. Spotify sọ ọ́ kedere pé iṣẹ́ òun kì í ṣe fún gbàgede, nítorí náà kí a má ṣe so àtòjọ náà mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí orin wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ dandan, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ fúnra wọn kọ orin àtijọ́ kan, kí ẹ gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí ẹ sì pò ó pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ kí fáìlì tó jáde. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà tí a pè ní ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ orin kọ̀ọ̀kan wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é. Orin tí ó ti lé ní ọdún yẹn kò ní olówó mọ́, ṣùgbọ́n àwo tí ẹlòmíràn fi kọ ọ́ ní olówó tirẹ̀. Ìtumọ̀ Bíbélì ti òde òní pẹ̀lú ní ẹni tí ó ni ín, kí a sì kọ̀wé béèrè àṣẹ kí a tó máa kà á jáde fún gbogbo ayé.

Ohùn Ta Ni?

Àwọn ẹ̀rọ kan wà báyìí tí yóò gbọ́ ohùn ènìyàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọn yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni náà. Ó lè wu ìjọ láti fi ohùn Olùṣọ́-àgùntàn ka ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé Bàbá jókòó sídìí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ohùn ayédèrú tí ó jọ ti Ààrẹ Biden pe àwọn olùdìbò lórí fóònù pé kí wọ́n má jáde dìbò. Ohùn tí ó lè ka Sáàmù kẹtàlélógún lè béèrè owó fún àkáǹtì ẹlòmíràn pẹ̀lú. Bí ìjọ bá ṣe àdàkọ ohùn ẹnikẹ́ni, kí ó jẹ́ pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí ẹni náà fọwọ́ sí, tí ó sọ ohun tí a ó lò ó fún àti ìgbà tí a ó pa á rẹ́, kí ọ̀rọ̀ ìwọlé sì má ṣe kọjá ọwọ́ ènìyàn méjì. Èmi yóò kúkú lo ohùn ẹ̀rọ tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni.

Apple tilẹ̀ ní kí ètò tí ẹ̀rọ ṣe púpọ̀ nínú ohùn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún olùgbọ́. Gbólóhùn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tó: ẹ̀rọ ni ó ń ka ẹ̀kọ́ yìí, ìjọ ni ó kọ ọ́.

Ìnáwó Àti Àwọn Tí Kò Ní Dátà

Ọ̀rọ̀ sísọ kò nílò dídára tí orin nílò. Bí a bá gba MP3 sílẹ̀ ní kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní ju mẹ́gábáìtì 5 lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní 128, ìlọ́po méjì dátà ni olùgbọ́ yóò fi gbọ́ ohun kan náà.

Ìsomọ́ a sì máa já. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Spotify ti àwọn ilẹ̀kùn kan pa mọ́ áàpù tuntun, títí kan èyí tí ń dábàá orin. Kí fáìlì gbogbo ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ ìjọ, kí ó má ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. MP3 kan náà tí ó lọ sórí Spotify ni a lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òun náà sì ni a lè kó ti ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn tí ó ní rédíò kékeré alágbéká tí ń gba káàdì, kí díákónì tí ń bẹ àwọn aláìsàn wò mú un lọ́wọ́ lọ ní ọjọ́ Àìkú, kí ó sì gba ti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá padà.